Iná Kékeré Tó Mọ Ìgbà Tí Táyà Ń Yọ̀

Mítà eré inú mọ́tò kì í wọn ilẹ̀. Ohun tó ń wọn ni bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń yí. Ẹni tó bá ti wà nínú Corolla tó rì sínú ẹrẹ̀ lásìkò òjò rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Dẹ́rẹ́bà ń tẹ tọ́tù, táyà iwájú ń yí fìrìfìrì, ẹrẹ̀ ń ta sí gbogbo ẹni tó ń bá wọn ti mọ́tò, ọwọ́ mítà sì ti gun 40. Ogójì kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ ò sì kúrò lójú kan! Mítà ò purọ́ o. Ìbéèrè tí wọ́n bi í ló dáhùn. Àwa la rò pé nǹkan mìíràn la bi í.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi tí táyà rò pé òun dé àti ibi tí ọkọ̀ dé gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí yíyí táyà bá tó láti gbé ọkọ̀ rìn 110 mítà, tí ọkọ̀ sì rìn 100 péré, táyà ti yọ̀ ní ìdá 10 nínú 100 nìyẹn. Kì í ṣe ohun ìtìjú rárá. Kò sí táyà tó ń ti ọkọ̀ lọ síwájú tí kì í yọ̀ díẹ̀. Láìsí yíyọ̀ díẹ̀ yẹn, rọ́bà ò lè fa ilẹ̀. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, ìgbà tí táyà bá ń yọ̀ ní nǹkan bí ìdá 10 sí 20 ló máa ń di ilẹ̀ mú jù. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, bó sì ṣe ń dẹ̀ ni yíyí lásán á máa pọ̀ sí i, títí táyà á fi sá mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ pátápátá.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń gba oorun lójú wọn jù ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ sá eré lórí iyọ̀ ní Bonneville, ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà. Adágún ńlá kan ló gbẹ síbẹ̀ láyé àtijọ́, tó fi iyọ̀ sílẹ̀ lọ pẹrẹsẹ bí ẹni tẹ́ ẹní. Láti 1949 ni wọ́n ti ń kó ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lóṣù Kẹjọ fún ohun tí wọ́n ń pè ní Speed Week. Wọn kì í bá ara wọn díje lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á sá tirẹ̀ lọ gbọnrangandan, aago ló ń bá jà. Tẹ́ni náà bá fẹ́ kí àgbáyé kọ orúkọ òun sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sá a lọ, kó sì sá a bọ̀ láàárín wákàtí kan, wọ́n á wá mú agbedeméjì eré méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká yọ àwọn ọlọ́kọ̀ jẹ́ẹ̀tì kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Nígbà tí Andy Green wa ThrustSSC ní aginjù Nevada ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 1997, tó sá 1,228 kìlómítà ní wákàtí kan, tó yára ju ohùn lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀ ló ń tì í. Àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ kàn ń tẹ̀ lé e lọ ni. Àwọn tí mò ń sọ ni àwọn tó jẹ́ pé táyà ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀, bíi Goldenrod tí àwọn ọmọ ìyá méjì, Summers, kọ́. Ẹ́ńjìnnì Chrysler mẹ́rin ni wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn sínú ẹ̀. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kọkànlá 1965, ó sá ju 658 kìlómítà ní wákàtí kan lọ lórí iyọ̀ yẹn.

Iyọ̀ náà sì ń yọ̀, ẹ dárí jì mí. Kì í di táyà mú tó ọ̀dà. Afẹ́fẹ́ tó wà níwájú, ní tirẹ̀, kì í gba gbẹ̀rẹ́: tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ padà á di ìlọ́po mẹ́rin. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ sì ní láti fi bá afẹ́fẹ́ yẹn fà á ò ju ibi bí àtẹ́lẹwọ́ tí táyà ti fara kan ilẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí ọlọ́kọ̀ lásán ń wá bí ọkọ̀ ṣe máa fúyẹ́, àwọn tiwọn a máa di òjé mọ́ ọkọ̀ kó lè wúwo, kí táyà lè tẹ ilẹ̀ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì lè lágbára bí àṣá, tí ilẹ̀ ò bá gbà á, ooru àti ihò inú iyọ̀ ni agbára yẹn á dà. Lẹ́yìn náà ni ìdí ọkọ̀ á fẹ́ gba iwájú lọ.

Báwo wá ni awakọ̀ ṣe máa mọ̀ kó tó débẹ̀? Ó lè fi mítà eré wé ẹ̀rọ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì, kó ṣírò lórí. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò ní 483 kìlómítà ní wákàtí kan, ìyẹn 134 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá wo nọ́ńbà, ó ti fi ojú dídì rin 67 mítà. Ibí yìí ni ìmọ́lẹ̀ ti wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ojú wa ò mọ̀wé kà. Èèyàn ò lè fi ìgun ojú ka 412. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá mira lẹ́gbẹ̀ẹ́, kíá lojú á ti gbé e. Ẹ bi ẹni tí alángbá sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà tó ń wo fóònù.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà fi ìmọ́lẹ̀ ṣe é nìyí. Ẹ to LED mẹ́rìndínlógún sí òbìrìpo bí ojú aago. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ń tàn nínú wọn nígbà kan. Ẹ lẹ mágnẹ́ẹ̀tì mẹ́rin mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ iwájú tí ẹ́ńjìnnì kì í yí, ẹ lẹ mẹ́rin mọ́ ti ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnnì ń yí, kí sẹ́ńsọ̀ kékeré kan máa ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbà tí mágnẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn bá kọjá, ìmọ́lẹ̀ á fi ẹsẹ̀ kan síwájú. Gbogbo ìgbà tí ti iwájú bá kọjá, á fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Tí àwọn méjèèjì bá ń yí bákan náà, ìmọ́lẹ̀ á dúró lójú kan, bó ti wù kí ọkọ̀ máa sáré tó. Tí ti ẹ̀yìn bá ti ń yọ̀, ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì, bí yíyọ̀ bá sì ṣe le sí ni pípòòyì ẹ̀ á ṣe yá sí. Kò sí nọ́ńbà kankan láti kà. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ so jẹnẹrétọ̀ ńlá méjì pọ̀, wọ́n a máa wo iná mẹ́ta tó ń tàn yípo. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí mọ́ ni wọ́n tó ń wá àyè so wọ́n.

Kí ló wá kan Màsífà nínú eré sísá lórí iyọ̀? Wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yìí nílé, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìdáhùn mi ni pé ọkọ̀ tó jọ ọkọ̀ Bonneville jù lágbègbè Èjìgbò ni ọ̀kadà. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, ti iwájú kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ohun tí iná òbìrìpo yẹn nílò gan-an nìyẹn. Kódà ó sàn ju Goldenrod lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Goldenrod ni ẹ́ńjìnnì ń yí, kò sí èyí tó ṣẹ́ kù láti fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ilẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ pupa wa, lọ́nà oko, lẹ́yìn òjò, máa ń ní amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ lókè, ìsàlẹ̀ ẹ̀ á sì le gbagidi. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà lórí ẹ̀, tòun ti àpò gààrí àti ìyá arúgbó kan lẹ́yìn, ò nílò kí n sọ fún un pé iyọ̀ Utah ń yọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gun ọ̀kadà sọ fún mi pé, "Àbúrò, ìdí mi ló máa ń sọ fún mi." Mo gbà. Ìdí ẹni tó ti gun ọ̀kadà fún ọdún mẹ́wàá jẹ́ sẹ́ńsọ̀ tó dáa. Àmọ́ ìdí kì í sọ̀rọ̀ àfi ìgbà tí ẹ̀yìn ọ̀kadà bá ti rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Yíyọ̀ tó ṣáájú ìyẹn, èyí tí táyà ń yọ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì ń lọ tààrà, kò lè gbọ́ ọ.

Mo tò ó sórí tábìlì kí n tó gbé e sórí ọ̀kadà rẹ̀ nígbà òjò tó kọjá. Ìmọ́lẹ̀ ló yẹ kó ṣiṣẹ́ ojú níbi tí mò ń wí yìí, kì í ṣe iṣẹ́ ìwọ̀n. Àwọn kan máa ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn yíyí ẹsẹ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú: abala pẹlẹbẹ tó ní ihò yí ká, iná tí ojú ò lè rí lápá kan, ohun tó ń gba iná náà lápá kejì. Ó rẹwà nínú láàbù. Lójú ọ̀nà oko, ẹrẹ̀ á dí i láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, bí iyọ̀ náà ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo abẹ́ ọkọ̀ ní Bonneville. Mágnẹ́ẹ̀tì ò mọ ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ lè bò ó mọ́lẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á ṣì mọ̀ pé ó kọjá.

Nǹkan kan wà tó dùn mọ́ mi gan-an nínú iṣẹ́ náà. Táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà yẹn tóbi ju ti iwájú lọ: 2.75-17 ló wà níwájú, 3.00-17 lẹ́yìn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sára táyà, ẹ ti ọ̀kadà títí táyà á fi yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ẹ pín in sí mẹ́wàá. Iwájú á fún yín ní nǹkan bí 1.80 mítà, ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.84. Ìyẹn ni pé tí iwájú bá yí 100, ẹ̀yìn á yí nǹkan bí 98, láìsí yíyọ̀ kankan. Mágnẹ́ẹ̀tì mẹ́rin-mẹ́rin ló wà lára wọn, torí náà nínú 180 mítà, ìmọ́lẹ̀ á fi ẹsẹ̀ mẹ́jọ padà sẹ́yìn, ìdajì òbìrìpo. Mo lè fi kóòdù tún un ṣe, ìlà kan péré ni. Mi ò ṣe é. Mo fẹ́ kó máa rákò padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀nà tó dáa, torí pé mímira ẹ̀ ń fi hàn pé ó ṣì wà láàyè. Tó bá dúró, táyà ti ń yọ̀ ní nǹkan bí ìdá 2. Tó bá yí padà tó ń lọ síwájú, ẹ tẹ́tí. Ní ìdá 10, tí ọ̀kadà bá ń sá 36 kìlómítà ní wákàtí kan, á yípo tán ní bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. Tí ẹ̀yìn bá ń yí lójú kan nínú ẹrẹ̀, á máa pòòyì bí òkòtó.

Ohun tí a rí lórí òkè ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Lórí ọ̀dà, iná ń rákò sẹ́yìn bó ṣe yẹ. Lójú ọ̀nà pupa tó ń gòkè, pẹ̀lú èrò kan lẹ́yìn, ó dúró, ó sì yí padà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń sọ pé ibẹ̀ ò yọ̀. Ìdí ẹ̀ ò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí iná yìí ò ti lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Tí táyà iwájú bá dì nítorí bíréèkì lórí amọ̀, ọ̀kadà á ti wà nílẹ̀ kí ojú tó rí iná, kí ọpọlọ tó gbọ́, kí ọwọ́ tó tú bíréèkì sílẹ̀. Ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá ni ìyẹn máa gbà lára ẹni tó ti ń retí ẹ̀. Ẹni tí kò retí ẹ̀ á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí iyọ̀, yíyọ̀ táyà lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, awakọ̀ á ráyè fi ẹsẹ̀ fúyẹ́. Ọlọ́kadà ò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Torí náà mi ò pè é ní agbani-là. Ohun tó lè ṣe ni pé kó sọ bí táyà ṣe rí lónìí fún wa. Ẹ gbé ọ̀kadà kan náà gun òkè kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà. Tí iná bá ń rákò sẹ́yìn nígbà tí táyà ṣì tuntun, tó wá ń lọ síwájú lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, táyà ti ń parí nìyẹn, ẹ má dúró dìgbà tó bá pá bí orí àgbà.

"Owó iná ẹ yìí ò sì jìnnà sí owó táyà ẹ̀yìn kan, kí ni mi ò ṣe ra táyà?" Ẹ̀gbọ́n mi náà ló sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kì í ṣe ohun tí ọlọ́kadà kọ̀ọ̀kan máa rà nìyẹn. Ẹyọ kan tó fún gáréèjì kan. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ní ẹyọ kan tí wọ́n lè so mọ́ ọ̀kadà kan láàárọ̀, kí wọ́n gun òkè lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tú u, kí wọ́n so ó mọ́ òmíràn. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kì í ṣe ti ẹni tó ń gùn ún. Olówó wà níbì kan, nígbà mìíràn ní Abidjan lọ́hùn-ún, tó ń retí owó ọ̀sẹ̀, tí kò sì rí táyà sójú. Tí ẹni tó ń gùn ún bá ní ká pààrọ̀ táyà, wọ́n á ní ó fẹ́ jẹ owó ni. Fídíò iná tó ń pòòyì lórí òkè tí gbogbo èèyàn mọ̀ yàtọ̀ sí ẹnu ọlọ́kadà lásán. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ti wúlò jù, ju ọ̀rọ̀ físíìsì ẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé ohun tí ìjọba fẹ́ràn yàtọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2016 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ̀ èrò tí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń dín eré kù. Mi ò bá wọn jà. Eré àsápajúdé ń pa èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ò mọ ilẹ̀. 60 kìlómítà ní wákàtí kan lórí ọ̀dà gbígbẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ 60 lórí ilẹ̀ pupa tó mu omi yó, 30 gan-an lè pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń sọ fún èèyàn pé "má kọjá ibí" ṣùgbọ́n tí kò sọ ìdí rẹ̀ fún un, àwa tí a mọ àwọn dẹ́rẹ́bà wa mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún un: wáyà ẹ̀ á já láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó wù mí kí owó díẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ tó ń sọ òótọ́ ilẹ̀ fún ẹni tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú.

Wọ́n lè sọ pé ìmọ́lẹ̀ náà ò ní pẹ́ rí irú ikú yẹn, torí wọ́n ti ń pa iná tòkunbọ̀ lójoojúmọ́. Iná ABS ni mò ń sọ. Iṣẹ́ ABS ni láti fi yíyí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wé ara wọn, kí ọ̀kankan má bàa dì nígbà bíréèkì. Tó bá bàjẹ́, iná ọsàn kan á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Kí oníbàárà má bàa bẹ̀rù, ẹni tó ń ta mọ́tò á ní kí wọ́n yọ gílóòbù ẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ nínú wọn á so wáyà ẹ̀ mọ́ iná ọ́ìlì, kí méjèèjì lè jọ tàn nígbà tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n sì jọ kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dáhùn. Ẹ̀yin á rò pé gbogbo nǹkan dáa.

Àìda iná yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é: òkùnkùn ni wọ́n fi ń sọ pé àlàáfíà ni. Gílóòbù tó kú àti bíréèkì tó dáa, ìrísí kan náà ni wọ́n ní. Nínú iná òbìrìpo tèmi, kò sí ìgbà tí gbogbo LED máa kú tán tí ọ̀kadà bá ń rìn. Ẹyọ kan gbọ́dọ̀ máa tàn, kó sì máa rákò padà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kan láàárín bíi mítà méjìlélógún. Tí wáyà iwájú bá já, á máa sáré lọ síwájú láìdúró. Tí ti ẹ̀yìn bá já, á máa sáré padà sẹ́yìn. Tí bátìrì bá kú, òkùnkùn. Èyí tí mi ò tíì rí ojútùú ẹ̀ ni ọ̀sán gangan: oòrùn aago méjì máa ń bo LED mọ́lẹ̀ lórí ọwọ́ ọ̀kadà, ike dúdú tí mo fi ṣe ìbòòji fún un sì ti já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà oko. Èyí tí mò ń gé báyìí, ara páìpù omi ni mo ti gé e.